Ẹnu Joanna Kọ́ Ló Pa Doyin

Ẹ̀yin ará ìjọ, mo ti bẹ Pásítọ̀ pé kí wọ́n ka ìwé yìí sí yín létí lẹ́yìn ìwàásù, kí wọ́n má fo ìlà kan, kódà bí ojú bá ń tì wọ́n fún mi. Èmi Ọládélé Akíntọ́lá ni mo kọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Morris Heights, ní Bronx níbí. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi kò ní bá mi dé ìgbà òtútù. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì pé ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó sìn mí dé sàréè. Ọdún kẹrin rèé tí gbogbo yín ti ń sọ pé Joanna, ọmọ Àrìnkẹ́ onídìrí, fi ẹnu pa Doyin, ọmọ Elizabeth. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà, mo sì ti mọ ohun tó ń ṣe Doyin kó tó di pé ó kú.

Ẹ kò ní tíì gbàgbé Ìràwọ̀ Òwúrọ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nínú ìdíje àwọn ìjọ Bronx. Méje péré ni wọ́n: nọ́ọ̀sì mẹ́ta, olùkọ́ méjì, Susan tó ń wa subway tó tún jẹ́ kóòṣì wọn, àti Doyin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ga ju gbogbo wọn lọ. Ìwé ìròyìn àdúgbò kì í rí wọn. Bí ẹgbẹ́ ọkùnrin bá borí, àwòrán wọn á wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Bí Ìràwọ̀ bá borí, ìlà méjì ni, lábẹ́ ìpolówó ilé tí wọ́n fẹ́ háyà. Akọ̀ròyìn kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru dé ni wọ́n, pé oorun ni wọ́n wá ń sùn lórí pápá. Inú bí mi. Mo kọ lẹ́tà, mo kọ òmíràn. Mo ń pe rédíò débi pé bí mo bá ti kí wọn tán báyìí, obìnrin tó ń gbé fóònù á ní, "Mr. Akíntọ́lá, the ladies again?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, the ladies again, ṣé ẹ ti ka iye ìgbà tí wọ́n borí lọ́dún yìí? Ìyàwó mi ti kú, a kò bímọ. Láti Monday dé Friday, arúgbó ẹlòmíràn ni mò ń tọ́jú. Saturday nìkan ni mo ń di ènìyàn. Àwọn ọmọ náà ló ń pè mí ní Daddy, ẹni tó bá sì bú wọn, bàbá mi ló bú.

Lọ́dún tí Doyin kú, Ìràwọ̀ borí nínú eré tó kángun sí àṣekágbá. Ariwo gba gbogbo gbọ̀ngàn. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ tọ̀, mo bá Doyin nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti dákú. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi títí ó fi lajú. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn arúgbó mi kì í kúrò nínú báàgì mi, mo fi wò ó. Ọkàn rẹ̀ ń sáré, ó ń fò, ó ń dúró, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Since August, Daddy. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mummy. Tí wọ́n bá gbọ́, mi ò ní play final." Ogún ọdún ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú. Mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló yẹ kí n gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọmọ ọlọ́mọ: "Mu omi, sinmi díẹ̀. Èmi àti ìwọ la mọ̀ ọ́n." Kì í ṣe nítorí pé ó bẹ̀ mí. Ife ẹ̀yẹ ni mò ń wò. Mo tiẹ̀ ti ń ro lẹ́tà tí màá kọ sí ìwé ìròyìn lọ́jọ́ tí a bá gbà á.

Joanna ló ń kọ̀ròyìn eré ìdárayá fún ìwé ìròyìn náà nígbà yẹn, òun nìkan sì ni ọmọ wa níbẹ̀. Òun àti Doyin jọ ṣe Sunday school ni. Ní Wednesday, ó kọ ọ́ pé Ìràwọ̀ kò ní ẹni púpọ̀ tó lè wọlé fún ẹni tó ti rẹ̀, pé òun rí Doyin tó di àyà mú lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú eré kan ṣoṣo, pé bí wọn kò bá jẹ́ kó lọ rí dókítà, àṣekágbá yìí lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Susan pè mí kíá. Ó ní, "Daddy, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa health. Ṣé ẹ rí nǹkan kan lára Doyin? Tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní lò ó." Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ rí? Ìwé ìròyìn ni, àbí o ò mọ̀ wọ́n? Wọn ò fẹ́ ká borí." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

N kò fi mọ níbẹ̀. Mo lọ bá Àrìnkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Grand Concourse, mo ní ọmọ rẹ̀ ń fi ẹnu pe ikú sórí ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Lọ́jọ́ Sunday, ó mú Joanna wá síwájú àwa àgbà lẹ́yìn ìsìn, ọmọ náà kúnlẹ̀. Èmi nìkan ló ń wò. Ó ní, "Daddy Akíntọ́lá, ṣé lóòótọ́ ni ẹ ò rí nǹkan kan?" Mo ní, "Bẹ àwọn àgbà, má bi mí ní ìbéèrè." Ó bẹ̀ wọ́n. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun ṣì í sọ, mo sì gé e pa mọ́ sínú Bíbélì mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o, ojú mi sì là kedere.

Ní Saturday, ọjọ́ àṣekágbá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí eré parí, Ìràwọ̀ ló wà níwájú. Doyin fò sókè gba bọ́ọ̀lù, ó bọ́ sílẹ̀, kò dìde mọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń tẹ àyà rẹ̀ títí ambulance fi dé. Kò dé ilé ìwòsàn láàyè. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo wa kún pálọ̀ Elizabeth. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ sọ fún mi. Ta ló mọ̀ pé ara ọmọ mi ò yá tí kò sọ fún mi?" Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kú. Joanna wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, mo rí i tó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àyà mi já pé ó mọ nǹkan. Kó tó sọ ọ́, mo ti gba ọ̀rọ̀ sọ: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni wo ẹnu ọ̀nà. Gbogbo yín lẹ wò ó.

Ẹ mọ ìyókù, ẹ̀yin náà lẹ ṣe é. Láàárín oṣù méjì, kò sí obìnrin ìjọ yìí tó tún jẹ́ kí Àrìnkẹ́ dirí fún òun. Wọ́n ní ta ló fẹ́ gbé orí rẹ̀ fún ìyá àjẹ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, tìyá tọmọ kó lọ sí Tompkinsville, ní òdìkejì omi. Èmi wá di ẹni iyì. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dá mi wó, Elizabeth ló ń wá wẹ̀ mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń nu ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Daddy, nígbà tí wọ́n ń bú àwọn ọmọ yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ gbèjà Doyin mi." Mo yí ojú sí ògiri. N kò lè fara dà á mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀pá tilẹ̀, mo wọ subway, mo wọ ferry lọ bá Joanna nílé wọn. Joanna kò kọ̀ròyìn mọ́. Fóònù ló ń dáhùn fún iléeṣẹ́ insurance kan. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó ní, "Mo mọ̀, Daddy. Doyin ti sọ fún mi pé ẹ yẹ òun wò. That's why I wrote it." Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mummy ní a kì í pe àgbà ní òpùrọ́ ní gbangba. Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Mo dúró dè yín lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró dè yín nílé Mummy Doyin. Èmi náà mọ̀, mi ò sọ, mi kì í sùn." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Kò ní kí n dìde. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Elizabeth, n kò ní kí o dárí jì mí. Má wá mọ́. Ẹ̀yin yòókù, bí ẹ bá ní àánú kankan, ẹ gbé e lọ fún Joanna àti ìyá rẹ̀, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, Pásítọ̀ á túmọ̀ rẹ̀ fún yín: ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ òótọ́ tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀, tí àwa àgbà sì dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè wá.