Irọ́ Tí Mo Fi Ti Mama Kúdí Mọ́lé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé ẹni tí mo ṣẹ̀. N kò lè gbé e mì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Awakọ̀ ni mí nílùú òyìnbó níbí. Mo ń fi bọ́ọ̀sì kékeré kó àwọn àgbàlagbà láti Thamesmead lọ sí sẹ́ńtà kan ní Woolwich, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ń tayò. Mama Kúdí, ará Ìbàdàn, wà lára wọn. Ọjọ́ Túsìdeè nìkan ló ń jáde nílé.

Ẹnu Mama yìí! Lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ rẹ̀ àtàtà ni mí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á ní mo ti jí gèlè òun. Nọ́ọ̀sì sẹ́ńtà náà ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe wèrè. Ó ní ìwà rẹ̀ gan-an ló ń ṣàìsàn, láti ìgbà èwe. Bó bá ṣáà ti ń rí èèyàn déédéé, ara rẹ̀ á máa balẹ̀.

Àwọn awakọ̀ òyìnbó tó ń gbé e tẹ́lẹ̀ máa ń dá a lóhùn, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ni ọ́fíìsì wa bá ní kí n máa gbé e, torí Yorùbá ni wá. Àṣìṣe ńlá! Ta ni yóò dá ẹni tó tó ìyá rẹ̀ lóhùn? Mo ń dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré tútù, ó ń bú mi nílẹ̀ níbẹ̀.

"Dìde, olórí bí àpò gààrí! O tún pẹ́!"

"Ẹ má bínú, Mama."

"Ẹ má bínú kọ́, ẹ má dìde ni!"

Èmi abirùngbọ̀n yìí, mo wá ń bẹ̀rù àárọ̀ Túsìdeè.

Ni mo bá sọ fún ọ́fíìsì pé Mama ní òun ò wá mọ́. Mo sọ fún Mama pé wọ́n ní kò sí ààyè mọ́. Wọ́n gbà mí gbọ́. Mama ò tiẹ̀ bú mi lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i ní Plumstead. Ó ti gbẹ. Mo fẹ́ sá wọ ṣọ́ọ̀bù alápatà, ó ti rí mi.

"Ọmọ mi, ṣé ààyè ti wà? Bá mi sọ fún wọn pé n kò ní bú ẹnikẹ́ni mọ́."

Mo ti pinnu. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n gbà á. Màá lọ sọ fún Mama náà, ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ó ti gbà pé ẹnu òun ló lé òun. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tó fi máa gbà pé ìwà ojo tèmi ló fà á?