Wárápá Tí Ìyàwó Mi Kò Ní

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìyàwó mi kú, ó ní kí n gbé àpótí wá sí ìdí àdògán, kí n jókòó ti òun kí òun lè dín ẹja. Mo jókòó. Ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ẹ má sùn o. Bí mo bá ṣubú síná, mo mọ̀ pé ẹja ni ẹ máa kọ́kọ́ yọ." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kò jí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Obìnrin náà kò ní ìdí kankan láti máa bẹ̀rù iná. Kò ní wárápá rí. Èmi ni mo pa irọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Mo rò pé màá gbé e dé sàréè, ṣùgbọ́n irọ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Nígbà tí mo pa irọ́ náà, wọn kò tíì la ọ̀nà ńlá gba Lẹ́kkí. Ọ̀sà ni ọ̀nà àwa ará Ajah. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìyàwó mi ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, kò sì sí oṣù tí kì í dá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀dé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà mìíràn, á tibẹ̀ kọjá sí Ẹ̀pẹ́, lọ wo ọjà, lọ wo ènìyàn. Bí mo bá ní kí n sìn ín, á ní, "Ṣé ẹrù ni mí, Tíṣà? Ẹ jókòó ka ìwé yín jàre."

Ẹ̀rù omi ń bà mí nítorí rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Bó bá dé, á máa sọ ìtàn àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀, inú rẹ̀ á máa dùn. Bí kò bá sí nílé, ilé a dákẹ́ rọ́rọ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ìyàwó ẹni pé àárò rẹ̀ ń sọni.

Mo lọ bá Làmídì, olórí àwọn ọlọ́kọ̀ létí ọ̀sà. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn kì í gbé ẹni tó ní wárápá láìsí ẹni tí yóò dì í mú, torí bó bá ṣubú lójú omi, gbogbo ọkọ̀ ló lè dànù. Mo sọ fún un pé wárápá ti ń gbé ìyàwó mi. Mo ní kó má sọ pé ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Ó káàánú mi. Ó ní, "Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà, Tíṣà. A ò ní dárúkọ yín."

Kò dárúkọ mi lóòótọ́. Àìsàn náà ni wọ́n dárúkọ. Ìyàwó mi gbé àpò rẹ̀ jáde láàárọ̀, ó padà kí oòrùn tó mú. Ó ní wọ́n ní kò sáyè. Ó tún lọ, ó tún padà. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ń yan ẹja létí omi sọ ọ́ sí i lójú pé, "Màmá, ẹ wá ẹni tó máa tẹ̀ lé yín o. Ẹni tí wárápá ń gbé kì í dá lọ sójú omi." Àwọn aládùúgbò tó ti máa ń bá a mu omi nínú ife kan náà wá ń gbé ife tiwọn wá.

Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé, "Bàbá Rẹ̀mí, ṣé ó máa ń gbé mi lójú oorun ni, tí ẹ kò fẹ́ sọ fún mi?"

Mo wo ilẹ̀.

Ó wo ojú mi títí, ó wá ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ bò mí láṣìírí."

Láti ọjọ́ náà, kò dá sún mọ́ kànga mọ́, kò sì dá dáná mọ́. Èmi ni mo ń sìn ín lọ sí Ìjẹ̀dé títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi kú. Nínú ọkọ̀, á di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kórìíra mi bí mo bá sọ òótọ́: inú mi máa ń dùn. A fẹ́ràn ara wa. Mo ń sọ pé lọ́la ni màá jẹ́wọ́, mo ń sọ pé lọ́túnla.

Rẹ̀mí ni àbígbẹ̀yìn wa. Kò pẹ́ tí a sin ìyá rẹ̀ ni àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Addo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí ìdílé wa, bí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ ènìyàn. Ìwádìí wọn dé etí ọ̀sà. Rẹ̀mí wá bá mi tẹkúntẹkún. "Bàbá mi, wọ́n ní ìdílé wárápá ni wá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé irọ́ ni!" Kí n tó lanu, ó tún ní, "Àbí òótọ́ ni? Torí Màmá kì í dá dáná." Mo ní kó jẹ́ kí n ronú ná.

Ìyàwó mi ló máa ń sọ̀rọ̀ níwájú àna. Èmi kàn máa ń jókòó tì í, kí n máa mi orí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ agbádá, mo dá lọ sí Addo. Bàbá ọmọkùnrin náà gbé àga fún mi. N kò lè jókòó. Mo ní ìyàwó mi kò ní wárápá rí.

Ó ní, "Bàbá, gbogbo etí omi ló mọ̀ ọ́n mọ́ wọn. Ta ló máa pa irú irọ́ yẹn mọ́ abiyamọ?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wá ní, "Ṣé Rẹ̀mí ti gbọ́?"

Mo ní rárá.

"Ẹ lọ sọ fún un ná. Bó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ẹ padà wá, a ó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, ohun kan ṣoṣo tí mo tíì dá ṣe nìyẹn: mo dúró nílé onílé, mo sọ pé èmi ni. Ará ìta ni mo sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ mi?