Lẹ́tà Sístà Rónkẹ́ Láti Bergen

“Ta ló bá mi rí lẹ́tà kan láti Norway?” Sístà Olúrónkẹ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Collegno, ní Italy, ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1996. Mo ń kó ìwé orin jọ lọ, èmi tí mo mọ ibi tí lẹ́tà náà wà. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó tún wá nǹkan fi bò ó.

Èmi ni Morákinyọ̀. Mo jáde yunifásítì nílé, mo sì ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Moncalieri. Ọpọlọ mi kì í sinmi. Bí mo bá ti rí àdììtú ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó tán, n kò ní lè ṣe nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ra ìwé èdè Norway ní Padua, tí mo sì fi kọ́ ara mi. Nígbà tó yá, àwọn márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n máa kọ́ àwọn níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé.

Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò kì í sọ. Ọ̀hún ló ti ń tẹ àwọn èèyàn láago. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń sọ ohun tí a fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú, mo ní kí kálukú kọ ètò ara rẹ̀ gan-an. Bùkọ́, ọ̀kan nínú wọn, rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ṣé kíláàsì nìyí àbí Questura tí ọlọ́pàá ti ń yẹ ìwé wa wò?” Ó kọ ọ́ pé òun máa ra ẹja lọ́la. Sístà Rónkẹ́ nìkan ló kọ òótọ́: I september skal jeg hente datteren min. Ní oṣù kẹsàn-án, òun máa lọ mú ọmọbìnrin òun wá. Mo yìn ín. “Ẹ wò ó, ìgbà ló ṣáájú, skal tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe sì jókòó sí ipò kejì, kò yẹ̀.”

Ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ. “Àbúrò mi, àárín àwa méjèèjì ni o. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Bergen fẹ́ gbà mí. Àdírẹ́sì rẹ ni mo fún wọn, torí ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tí kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ò gbọdọ̀ gbọ́.”

Lẹ́tà dé ní oṣù keje. Mo ṣí i. Wọ́n ní kó máa bọ̀, kó fèsì kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ tó kọjá. Mo kọ̀wé sí wọn pé Sístà Rónkẹ́ ò wá mọ́, kí wọ́n mú èmi dípò. Èmi tí n kò wẹ arúgbó kankan rí láyé mi. Ó ń rí mi lára bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọn ò tilẹ̀ dá mi lóhùn.

“Àbúrò mi, ṣé nǹkan kan ò tíì wọlé?”

“Ẹ tún ní sùúrù díẹ̀, mà. Bóyá ẹni tó ń pín lẹ́tà ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Á sì gbé dòdò tó fi bébà wé jáde nínú báàgì fún mi. Mo ń jẹ ẹ́. Mo ń lá ọwọ́.

Èyí tó burú jù rèé. N kò sun lẹ́tà náà. Mo fẹ́ fi ṣeré. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ni mo bá fi máákà kọ bí gbólóhùn Norway ṣe ń tò sí i, gàdàgbà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń dùn mọ́ mi bí àlọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè já. Sátidé mẹ́fà ni obìnrin yẹn fi jókòó síwájú rẹ̀, tó ń dà á kọ, tó ń ka ètò ọmọ rẹ̀ sókè ketekete. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kọjá lójú wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí orí yín bá pé, ẹ ṣọ́ ohun tó ń pa yín lẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá ìdáríjì wà fún irú èyí.

Sátidé tó tẹ̀lé ìbéèrè rẹ̀, Damaris tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ nu ògiri. “Tíṣà, ṣé kí n yọ èyí?” Ó yọ ọ́, ó gbé e sórí tábìlì níwájú Sístà Rónkẹ́, ojú tí mo fi máákà kọ ló dojú bolẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè ìwé náà.

Ó fi ìka tẹ̀ lé e, ìlà kan dé ìlà kan, ní èdè tí mo kọ́ ọ. Kò bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan.