Ohun Tó Fi Nu Apá Awakọ̀ Náà

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹ kú ìdúró o. Mo rí i pé àga ò kárí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fara ti ògiri. Ọ̀rọ̀ mi ò ní pẹ́, ṣùgbọ́n kò ní dùn.

Àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó wà nínú pósí yìí. Èmi ni àkọ́bí, òun ni àbígbẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kí n wá sọ̀rọ̀. Mo ní kó wá ẹlòmíì, ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ ọ́, mà." Mo rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń wojú ara yín. Ẹ ń sọ nínú yín pé, ṣebí obìnrin yìí ni kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà? Èmi náà ni. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́.

Iṣẹ́ gbígba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ni àbúrò mi ṣe. Ẹ ti wọ yàrá rẹ̀ rí? Yàrá tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, àga kan tó ní ibi tí wọ́n ń gbé apá lé, tábìlì kan, rọ́bà tí wọ́n ń so mọ́ apá, àti àwọn ìgò kéékèèké tí ọmọrí wọn pupa, tí òmíràn ní àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá jókòó, kò ní bi yín pé ṣé ẹ̀yin ni lágbájá. Ó ní tí wọ́n bá bi aláìsàn bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù á mú kó jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ohun tí òun máa ń sọ ni, "Ẹ dárúkọ yín." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹ-Dárúkọ-Yín. Ẹ̀yin ará ọsibítù tí ẹ wà lẹ́yìn, ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹ rẹ́rìn-ín, kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìyá wa lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ dárúkọ yín." Ìyá wa wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Èmi?" "Ẹ̀yin ni, mà." "Ìwọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi bó?" "Ẹ má bínú, mà. Orúkọ yín àti ọjọ́ ìbí yín." Ìyá wa ní, "Ìyá Olóríkunkun lorúkọ mi. Ọjọ́ tí mo bí ọ ni wàhálà mi bẹ̀rẹ̀." Àbúrò mi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Wọ́n ń wo ara wọn títí èrò fi kún ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó yá, ìyá wa dárúkọ. Ó délé, kò jẹun. Ó ní ọmọ òun fi ọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò bí ẹni tó jí adìyẹ.

Olóríkunkun ni, ẹ má jẹ́ kí pósí yìí mú yín purọ́ fún mi. Àmọ́ oríkunkun rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbéraga. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í wọ ara èèyàn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Tó bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí iṣan, á lọ pe ẹlòmíì, ì báà jẹ́ ẹni tó kọ́ níṣẹ́ lánàá. Á ní, "Iṣan kì í ṣe ogún bàbá mi." Ìgò tí wọ́n bá ti kọ orúkọ sí kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú rẹ̀, dídànù ni. Ó da méjìlá nù lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn sì pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ò lẹ́nu. Orúkọ tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn ló máa jẹ́."

Ẹ mọ̀ pé alágbàfọ̀ ni mí. Èmi ni mò ń fọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, tí mò ń lọ̀ ọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń gbé e wá nínú àpò. Ọmọ mi obìnrin, Ẹlẹ́rìn-ín tí gbogbo yín mọ̀, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ dárúkọ yín kí n tó gba aṣọ yín." Àbúrò mi á dárúkọ, á tún fi ọjọ́ ìbí kún un. Báwọn méjèèjì ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ má fi eré dí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ọdún méje sẹ́yìn, mo rán ọmọ mi níṣẹ́. Èmi ni mo rán an, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Aṣọ oníbàárà kan ni mo ní kó gbé lọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ jáde, ọkọ̀ kan yà kúrò lójú títì, ó gbá a. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n gbé aṣọ náà padà wá fún mi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Omi gbígbóná á jẹ́ kó dì mọ́ aṣọ. Mo fi omi tútù fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo dá a padà fún oníbàárà.

Awakọ̀ náà ń rùn fún ọtí. Ọlọ́pàá mú un lọ sí ọsibítù àbúrò mi kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọsibítù tí wọ́n gbé ọmọ mi lọ. Àbúrò mi ò mọ ẹni tí ọkọ̀ náà gbá.

Gbígba ẹ̀jẹ̀ fún kóòtù yàtọ̀ sí gbígbà á fún dókítà. Òun gan-an ló kọ òfin rẹ̀, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí onítọ̀hún gbà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kí ìwé ọlọ́pàá wà. Kí ẹlẹ́rìí wà. Kí ẹ lẹ ìgò náà pa lójú rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá gbé e sì fọwọ́ síwèé. Èyí tó wá fi gègé pupa fà nídìí ni pé: ẹ má fi sípírítì nu apá rẹ̀. Ìdí ni pé ọmọ ìyá ni sípírítì àti ọtí. Tó bá kan abẹ́rẹ́, ta ló máa mọ èyí tó ti inú awakọ̀ wá, ta ló máa mọ èyí tó ti ara òwú wá? Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò.

Ọlọ́pàá ń kánjú. Awakọ̀ ń bú èèyàn. Àbúrò mi dúró wámúwámú, ó ní, "Ṣé ẹ gbà kí n gba ẹ̀jẹ̀ yín?" Ọlọ́pàá ní, "Kí lẹ ń bi í fún? Ọ̀mùtí ni!" Ó ní, "Ọ̀mùtí náà ló ni apá rẹ̀, ọ̀gá." Awakọ̀ ní òun gbà. Wọ́n mú ìwé wá, wọ́n pe nọ́ọ̀sì wá jẹ́rìí. Bí ẹnu àbúrò mi ṣe ń jà fún òfin, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ohun tó ti ń ṣe láti nǹkan bí ogún ọdún. Ó lọ sínú ike òwú, ó mú èyí tí wọ́n ti rẹ sínú sípírítì, ó fi nu apá. Ìgbà tí òórùn rẹ̀ fi lu imú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ti wọlé.

Ó bẹ awakọ̀ pé kó jẹ́ kí òun tún un gbà ní apá kejì. Awakọ̀ fa apá rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní òun ò gbà mọ́. Ẹni tí kò bá gbà, àbúrò mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó lẹ ìgò náà pa, ó fọwọ́ síwèé. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo fi pè é pé wọ́n ti pa Ẹlẹ́rìn-ín.

Kò sọ ọ̀rọ̀ sípírítì yẹn fún ẹnikẹ́ni. Odidi ọdún kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní olóòótọ́, ẹ fi ìyẹn náà kún un.

Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ jẹ́rìí, ó wá bá mi nídìí àyọ́ọ̀nù lọ́sàn-án gangan. Ó sọ ọ́ fún mi bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọn ò bá bi mí, mi ò ní sọ. Tí wọ́n bá bi mí, mi ò ní purọ́." Mo ní, "Ta ló rí ọ?" Ó ní kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Mo ní, "Ṣé awakọ̀ náà mutí àbí kò mu?" Ó ní, "Ó mu. Ó mu ún yó kẹ́ri." "Kí wá ni tìrẹ? Sọ pé ọṣẹ àti omi ni." Mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi àkọ́bí, mo kúnlẹ̀ fún àbígbẹ̀yìn lórí símẹ́ńtì. Òun náà kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Kò sọ pé òun máa ṣe é.

Ní kóòtù, lọ́yà awakọ̀ kọ́kọ́ gbá a mú níbòmíì. "Ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni olóògbé?" "Bẹ́ẹ̀ ni." "Ẹ̀yin lẹ da ọtí sínú ẹ̀jẹ̀ náà kí ẹ lè gbẹ̀san." "Mi ò mọ ẹni tó kú nígbà yẹn." Ó mú gbogbo fọ́ọ̀mù jáde, ẹni tó gbà á, ẹni tó gbé e, aago tí wọ́n gbé e. Kò sí èyí tó yingin. Inú mi ń dùn. Lọ́yà ti pa fáìlì rẹ̀ dé, ó ti fẹ́ jókòó. Ó kàn yíjú padà ni, bí ẹni tó ń wá nǹkan sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ tiẹ̀ fi nu apá rẹ̀?"

Àbúrò mi wò mí. Mo mi ètè mi sí i láìfọhùn: ọṣẹ. Ọṣẹ, dákun. Ó ní, "Sípírítì ni, olúwa mi."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Adájọ́ ní iyèméjì ti wọ ẹ̀jẹ̀ náà, kò ṣeé gbé ìdájọ́ lé. Awakọ̀ lọ sílé rẹ̀. Ó kọjá lára mi lórí àtẹ̀gùn kóòtù, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ọsibítù gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n fi í sí yàrá ẹrù, kó máa ka páálí ìbọ̀wọ́. Ẹni tó kọ òfin sára ògiri! Àwọn tó ń purọ́ níbẹ̀ ń bẹ nídìí iṣẹ́ wọn títí dòní. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo gbé àpò náà síta bó ṣe wà. Ó tún wá lọ́sẹ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún bí oṣù mẹ́fà, kó tó sinmi. Mi ò ṣílẹ̀kùn. Àwọn kan ń sọ fún mi pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ bá mi bi wọ́n: ọjọ́ tó bá bá a, ṣé ọmọ mi á dìde?

Lẹ́yìn náà ni kíndìnrín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo lọ. Ọmọbìnrin kan ń wá iṣan lára rẹ̀. Apá yẹn ti gbẹ, ó ti dúdú níbi tí wọ́n ti gún un. Ọmọ náà gún un lẹ́ẹ̀kan, gún un lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gbé abẹ́rẹ́ sókè. Àbúrò mi ní, "O gbìyànjú. Lọ pe ẹlòmíì." Ìgbà tí ọmọ náà jáde ni àbúrò mi rí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé." Mo wọlé, mo jókòó. Ó ní, "Ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì í. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ó kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ gbẹ̀yìn nìyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ ni mo pa fún un. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí. Mo pọ̀n ọ́n, mo kọ́ ọ ní ìrìn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo ti jókòó ti òótọ́ náà fún ọdún mẹ́fà, mo ti yí i síwá sẹ́yìn, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí mo lè fi tu ara mi nínú. Mo sì rí i pé ó mọ̀ pé mo purọ́, mi ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Mo jẹ́ kó kú bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi, máa lọ o. Kí ọ̀nà dán fún ọ. Kí ara tí wọ́n gún títí yẹn sinmi. Ìyàwó rẹ wà lọ́wọ́ wa, a ò ní fi í sílẹ̀. Tí o bá débẹ̀, tí Ẹlẹ́rìn-ín bá bi ọ́ pé ṣé màmá òun ti dárí jì ọ́, má sọ ohun tí mo sọ fún ọ lórí ibùsùn yẹn. Sọ fún un pé mo gbìyànjú, apá mi ò ká a. Ó máa gbà ọ́ gbọ́.