Àga Ọ̀fọ̀ tí Káńsù Bu Owó Lé

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ mọ̀ pé n kì í mu ọtí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti rí òṣìṣẹ́ káńsù kan tó ń na ìka sí àga nílé ọtí, tó ń kà wọ́n kó tó sọ iye tí onílé ọtí máa san fún ìwé àṣẹ, ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Mo ka òfin rẹ̀ tán. Mo wọ gbogbo ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ìlú yìí, mo ka àga wọn fúnra mi.

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi nígbà tí wọ́n ti ilé oúnjẹ Ìyá Bísí pa. Bíà díẹ̀ ló ń tà mọ́ oúnjẹ, àga mẹ́jọ péré ló ní. Ọjọ́ tí a ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n wá. Wọ́n ka ọgọ́ta àga tí a háyà fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn, wọ́n sì bu owó ìwé àṣẹ hòtẹ́ẹ̀lì lé e! Kò rí i san, ni wọ́n bá fi àgádágodo sẹ́nu ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí, oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun ní, "Dìde, tẹ̀ lé mi."

A dé ibi tí ooru ti ń bó awọ ara. Mo rí àwọn ọkùnrin tó ru àga irin tó pọ́n bí ẹyin iná, wọ́n ń rù ú, wọ́n ń kà á, wọ́n ń ṣì í kà, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ padà, irin ń jó orí, irin ń jó èjìká, àga yí wọn ká, kò sí èyí tí wọ́n lè jókòó lé, yéè!

"Àwọn tó ń ni tálákà lára nìyí," ni olùtọ́nà mi wí.

Ọ̀kan rí mi, ó ké pé, "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún wọn! Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n rán mi!"

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì mi, tí mo fi ń kó àga pamọ́ sẹ́yìnkùlé? Rù ú dáadáa jàre!"

"Òpùrọ́ onílé ọtí nìyẹn, tó ń dín iye àga rẹ̀ kù fún káńsù," ni olùtọ́nà wí.

Àga kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń finá sí. Mo béèrè ẹni tó ni ín. Ó dárúkọ rẹ̀.

Ó mú mi gòkè dé ibi tútù tí àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi. Bàbá Bísí nìkan ló wà lórí ìdúró.

"Arákùnrin, ṣé wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi?"

"Rárá o, Bàbá Bísí."

"Àga tí ẹ jókòó sí sunkún mi ni wọ́n pè ní àga ọtí? Omi lásán lẹ mu lọ́jọ́ náà! Kí ni àwọn ọmọ mi ń jẹ?"

Ẹkún ni mo fi jí.

Ẹ rántí pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo jẹ́rìí ìran yìí níhìn-ín, mo sì dárúkọ ẹni tó ni àga náà: alága kọmítì owó ìwé àṣẹ, tó jókòó níwájú. Ó fò dìde.

"Ṣé mo ti kú ni? Kí lẹ gbé mi lọ sí ọ̀run àpáàdì fún?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Àga yín ni mo rí. Wọn ò tíì gbé e lé yín lórí."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sílé oúnjẹ Ìyá Bísí fúnra rẹ̀, ó ka àga ibẹ̀, mẹ́jọ péré ló bá, ó já àgádágodo náà.

Ẹ má pàtẹ́wọ́ o. Ẹ̀yin tó ń bu owó lé ẹ̀dá, ẹ ronú pìwà dà nígbà tí ẹ ṣì ń mí. Mo yí ìlú yìí po láàárọ̀ yìí: ilé oúnjẹ mọ́kànlá ṣì wà ní títì.