Ìgò Táíwò, Ìgò Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun, ẹ bá mi sọ pé "Jésù, o ṣé!" Mi ò gbọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ ṣe bí ẹni tó jẹun kúrò nílé. Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ṣeun. Bí mo ṣe dúró síbí yìí, ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ máa jó, ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ti wojú mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Ìbejì tó ń ránṣọ ní ìkóríta Ìbà. Bàbá wọn ló ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ọjà Àlàbá, Okokomáíkò níbí la sì ń gbé. Ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ tá a kó àwọn ọmọ náà wá fún ìdúpẹ́, Táíwò àti Kẹ́hìndé, obìnrin méjì, ara wọn ń dán. Ìyá ọkọ mi ló wá láti Ìgbó-Ọrà láti bá mi wẹ̀ wọ́n. Àwọn ló jókòó síwájú pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ sánmà yẹn. Màmá, ẹ juwọ́ sí wọn. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín o, ọ̀rọ̀ yín ṣì ń bọ̀.

Ọmú mi ò tó àwọn méjèèjì. Mo mu ẹ̀kọ gbígbóná títí ikùn mi fi ń dún, síbẹ̀ kò tó. La bá ń fi mílíìkì alágolo kún un. Kò pẹ́ kò jìnnà, ara Táíwò yí padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó pọ́n, ó le, omi sì ń jáde lára ẹ̀. Ó dé kọ́lọ́fín apá, ó dé ẹ̀yìn orúnkún. Ọmọ ń họra, ó ń sunkún, ó tún ń họra. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó má baà fi èékánná bó ara ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú gbo ìrọ̀rí títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Kẹ́hìndé ńkọ́? Kò sí nǹkan kan lára tiẹ̀. Tí mo bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹkún á kàn gbọ̀n mí.

Kí ni mi ò fi pa á lára? Òrí, àdín, ọṣẹ dúdú, pawudà. Àwọn kan ní èélá ni, pé á lọ fúnra ẹ̀. Àwọn kan ń wò mí bíi pé mi ò kì í wẹ ọmọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà, ẹ má bínú sí mi o, tí mo bá na Táíwò sí ẹnì kan pé ẹ bá mi gbé e díẹ̀, ẹni náà á ní, "Gbé Kẹ́hìndé wá." Mo ń rí yín! Ó ń dùn mí wọnú eegun.

Mo bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ọ̀jọ́. Dókítà obìnrin ló wò ó. Wọ́n ní àìsàn awọ ara tí wọ́n ń pè ní ẹ́síímà ni, pé ó jọ pé mílíìkì màlúù ni ara ọmọ náà kọ̀. Wọ́n fún wa ní krímù, wọ́n ní kí n pààrọ̀ mílíìkì. Mo ní, "Yẹ́ẹ̀sì, Dókítà." Mo gba ọjà lọ. Mo wo gbogbo agolo tí ìyá tó ń ta mílíìkì tò sílẹ̀. Èyí tí mò ń rà tẹ́lẹ̀, wọ́n ya màlúù sí i lára, ó ń jẹko. Mo ní áà, ìwọ lò ń bá ọmọ mi jà! Mo fi í sílẹ̀, mo mú èyí tí wọ́n ya ọmọ òyìnbó sí, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní èyí, ti ọmọ nìyí, màlúù kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin náà ì bá mú un!

Ara ọmọ tún le sí i. Mo padà lọ, mo gbé agolo náà han Dókítà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn.

"Ìyá Ìbejì, màlúù yẹn náà ló wà nínú eléyìí. Àwòrán nìkan ni wọ́n pààrọ̀."

Wọ́n wá ṣàlàyé pé mílíìkì kan wà tí wọ́n fi sóyà ṣe, tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ìkókó. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kì í ṣe sóyà inú ọ̀rá tí wọ́n ń kiri o. Wọ́n ní kí n máa fún Táíwò, kí Kẹ́hìndé máa mu tiẹ̀ lọ níwọ̀n ìgbà tí ara ẹ̀ gbà á. Bàbá wọn wá a kiri títí ó fi rí i ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Navy Town.

Mo ya ìgò sọ́tọ̀. Ìgò olórí pupa, ti Táíwò, sóyà. Ìgò olórí búlúù, ti Kẹ́hìndé, mílíìkì màlúù. Mo fi han Màmá kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Màmá ní àwọn ti gbọ́. Ẹ gbọ́ nǹkan tó ń yà mí lẹ́nu. Tí mo bá wà nílé, á dà bíi pé ara ọmọ ń rọ̀. Tí mo bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á tún gbinájẹ. Ọmọ sì ń rù. Dókítà ní tí kò bá yí padà, àwọn máa kọ wá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n á sì dá a dúró síbẹ̀. Mo ní wọ́n ti fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ọkàn mi wá sọ fún mi pé ẹnì kan ń wọlé bí mo bá ti jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú gbogbo àwọn tá a jọ ń gbé ilé. Ẹni tó bá kí mi, mo máa fura sí i. Ẹni tí kò bá kí mi, mo máa fura sí i jù. Mo fi òróró àdúrà ya àgbélébùú sára ilẹ̀kùn, ó rin gbindingbindin.

Ó wá di Wednesday tá a gbààwẹ̀ yẹn. Pásítọ̀ ní kí kálukú gbé ìṣòro ẹ̀ síwájú Ọlọ́run. Mo ní, "Olúwa, fi ẹni tó ń ṣe ọmọ mi hàn mí!" Mo pariwo ẹ̀ títí ohùn mi fi há. Àfi bí nǹkan kan ṣe sọ nínú mi pé, dìde, máa lọ sílé. Mo ní, Olúwa, a ò tíì ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ó ní dìde. Mo mú báàgì mi, mo jáde, oòrùn ṣì wà lókè gan-gan.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Màmá jókòó sórí àpótí, ọmọ kan lórí itan ọ̀tún, ọmọ kan lórí itan òsì. Ìgò olórí búlúù ló wà lọ́wọ́ wọn. Táíwò á mu díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi sí Kẹ́hìndé lẹ́nu. Kẹ́hìndé á mu díẹ̀, wọ́n á tún gbé e padà fún Táíwò. Wọ́n ń ki wọ́n, inú wọn dùn.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń fún àwọn ọmọ mi lóúnjẹ ni. Ẹ ti jáde ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ìgò Kẹ́hìndé nìyẹn, Màmá! Dókítà ní Táíwò ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án!"

Màmá wò mí tàánú-tàánú. "Ìyàwó mi, ṣé Dókítà bí ìbejì rí ni? A kì í ya oúnjẹ ìbejì sọ́tọ̀. Ṣé o fẹ́ kí ọ̀kan bínú lọ ni? Tó o bá ti jáde, mo máa ń pín in fún wọn dọ́gba, ti pupa, ti búlúù."

Mo jókòó sílẹ̀. Inú bí mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Màmá. Bàbá àwọn ọmọ mi, Kẹ́hìndé ni òun náà. Táíwò tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹ̀ ò pẹ́ láyé. Láti ìgbà náà wá, Màmá ṣì ń rò ó pé bóyá àwọn ò pín nǹkan dọ́gba fún wọn ni. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ará. Ẹnu mi tí mo fẹ́ fi pariwo, Ọlọ́run bá mi pa á dé.

Ìgbà tí mo máa sọ̀rọ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Màmá, tí àwọn méjèèjì bá jọ mu ti Táíwò ńkọ́?"

"Kí ló wà nínú ẹ̀ ná?"

"Sóyà ni, Màmá. Irú ẹ̀wà kan ni."

"Ẹ̀wà?" Màmá dìde pẹ̀lú ọmọ méjèèjì lápá. "Oúnjẹ ìbejì gan-an lo gbé pamọ́ sínú agolo látọjọ́ yìí, tó o wá ń fún Kẹ́hìndé ní ti màlúù? O ò ṣe sọ fún mi?"

Ará, èmi ni wọ́n wá ń bá wí! Wọ́n gbé ọmọ fún mi, wọ́n da ti inú ìgò búlúù nù, wọ́n fọ̀ ọ́ fúnra wọn. Mo lọ bi Dókítà, wọ́n ní kò burú, kí Kẹ́hìndé náà máa mu ún. Bí ìgò méjèèjì ṣe di sóyà nìyẹn, pupa àti búlúù.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Díẹ̀díẹ̀ ni ojú egbò ń gbẹ, ni awọ tuntun ń yọ, ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń kún. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Táíwò gbé ọwọ́ sókè, ó ń wò ó, bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ni. Ó sì sùn! Èmi náà sùn! Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí mo wí.

Mo bẹ Ọlọ́run pé kó fi ọ̀tá hàn mí, ọ̀tá kankan ò sí nínú ilé yẹn o. Ìyá àgbà tó fẹ́ràn àwọn ọmọ mi ni mo bá níbẹ̀. Àwọn tá a jọ ń gbé, mo ń kí wọn báyìí títí wọ́n fi ń bi mí pé ṣé kò sí nǹkan.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó lé mi dìde lórí àdúrà kó lè dá àdúrà náà lóhùn! Màmá, ẹ gbé wọn bọ̀. Ẹ ṣí aṣọ ara Táíwò, kí ìjọ rí i. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ẹ wo apá! Halelúyà! Ẹ dìde, ẹ bá mi jó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kí n gbé Kẹ́hìndé wá, mo ti dárí jì yín, ẹ súnmọ́ ibí, ẹ wá gbé Táíwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé Táíwò o, kó gbé Kẹ́hìndé náà. Màmá ń wò yín.