Wáyà Tó Ń Gbọ́rọ̀ Aládùúgbò

Ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ ni mo jókòó sí, mò ń dúró de rédíò tèmi, nígbà tí bàbá kan tó ń ta aṣọ òfì l'Ọ́jẹ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí wọn àti máìkì rẹ̀ wọlé.

"Ó tún ń kùn bí oyin! Ìdajì wàásí Lèmọ́mù la ń gbọ́. Ọ̀la sì ni Jímọ̀."

Oníṣẹ́ rédíò tú ìdí ẹ̀rọ náà. "Bàbá, ta ló di àwọn wáyà yìí pọ̀?"

"Èmi ni. Wọ́n rí wúruwùru, ojú mi ò gbà á, ni mo bá fi okùn dì wọ́n bí òwú."

"Ó dára lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wáyà kì í ṣe òwú, bàbá. Wáyà máa ń gbọ́ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń sọ. Ẹ ti so wáyà iná mọ́ wáyà ohùn! Ohun tí tiná ń kùn ni tohùn ń gbọ́, tó sì ń sọ fún gbogbo jàmáà."

Ó gé okùn náà, ó fa wáyà méjèèjì jìnnà síra, ó tan ẹ̀rọ.

"Kí lẹ gbọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan."

"Òun gan-an la ń wá! Ẹ sọ̀rọ̀ sí i."

Bàbá gbá máìkì mú: "Àlùhámúdùlílàhì!" Ó dún ketekete dé òdìkejì títì.

Èmi tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, mo pàtẹ́wọ́. Àṣé wáyà lèmi náà látàárọ̀.